Nígbà Tí Ìwé Ìtàn Ń Ti Ọwọ́ Dé Ọwọ́ ní Ìjagun

Orúkọ ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà ní Ìjagun tún ti yí padà. Nígbà tí mo wọ ibẹ̀ fún ìwé ẹ̀rí olùkọ́ NCE ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Ògùn là ń pè é, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1978. Ní 1994, wọ́n fi orúkọ Táí Ṣólàrìn sọ ọ́, olùkọ́ ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó dá ilé ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀. Ní 2005, ó di yunifásítì. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbà á lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀, ó sì di ti gbogbo Nàìjíríà.

Ọmọ àbúrò mi obìnrin kan ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀ báyìí. Mo lọ wò ó láìpẹ́ yìí, a sì jọ rìn láti ẹnu ọ̀nà ọgbà títí dé ibi tí àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì pọ̀ sí. Ojú mi ń wá ẹni tó tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ káàkiri. N kò rí i. Mo bi í pé níbo ni wọ́n ti ń ra ìwé ìtàn.

"Ìwé ìtàn báwo, Mọ́mì?"

"Ìtàn àròsọ ni mo ń wí. Èyí tí ẹ máa ń kà tí ẹ bá ti ka ti kíláàsì tán."

Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Inú ibí ni gbogbo ẹ̀ wà, mà."

Òótọ́ ló sọ. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ wà níbẹ̀. Oyinkan Braithwaite wà níbẹ̀ pẹ̀lú ìtàn obìnrin tí àbúrò rẹ̀ ń pa àwọn ọkùnrin tó bá ń fẹ́ ẹ. Mo rí Abi Daré, Tomi Adeyemi, Damilare Kuku, mo sì rí Chimamanda lọ bẹẹrẹ. Ọmọ náà mọ ojú wọn, ó mọ ohùn wọn, ó mọ èyí tó ń gbé Èkó nínú wọn àti èyí tó ń gbé òkè òkun. Ó ti wo ibi tí wọ́n ti ń fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò lórí YouTube. Inú mi dùn gidigidi, nítorí kò sí ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa, nígbà tí a wà ní ọjọ́ orí rẹ̀, tó mọ òǹkọ̀wé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń yí àwọn ìwé náà sókè sódò, n kò rí ìwé Yorùbá kankan nínú wọn. Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n bí ọmọ yìí sí o. Yorùbá dá ṣáká lẹ́nu rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti padà sí ìgbà tiwa.

Ìwé ṣọ̀wọ́n nígbà tiwa. Láti 1986 tí ìjọba Babangida ti gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀ ni náírà ti ń já wálẹ̀, owó bébà àti yíǹkì tí wọ́n ń kó wọlé láti òkè òkun sì ga sókè. Irú ìwé tí bàbá mi ń rà ní tuntun nígbà tó jẹ́ tíṣà kékeré di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wò lójú fèrèsé tó sì ń kọjá lọ. Ilé ìkàwé wà fún iṣẹ́ kíláàsì. Èyí tí a fẹ́ kà nítorí pé ó dùn, àwa fúnra wa la ń wá a kiri.

Ọkùnrin kan wà ní Ìbàdàn Gáréèjì ní Ìjẹ̀bú-Òde tí a ń pè ní Bàbá Oníwèé. Ó máa ń tẹ́ ọ̀rá ńlá sílẹ̀ lẹ́bàá títì, nítòsí àwọn tó ń ta búrẹ́dì fún èrò ọkọ̀, á wá to ìwé lé e lórí. Bí ìwé ṣe nípọn sí ló fi ń tò wọ́n, nítorí bó ṣe nípọn sí náà ló fi ń dá iye lé e. Nítorí náà, Fágúnwà lè jókòó ti James Hadley Chase, kí ìtàn ìfẹ́ Mills & Boon fẹ̀yìn ti Chinua Achebe, kí Atọ́ka, ìwé ìròyìn tó máa ń fi fọ́tò àwọn òṣèré sọ ìtàn, bo ìwé àdúrà mọ́lẹ̀. Bí o bá mú ìwé tí o ti kà tán wá, tí o fi owó díẹ̀ lé e, o lè mú òmíràn lọ. Bàbá náà kì í pe orúkọ òǹkọ̀wé. "Oníbọn" ni Chase lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìbọn tó máa ń wà lára ẹ̀yìn rẹ̀. "Olólùfẹ́" ni Mills & Boon. Fágúnwà nìkan ló ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́, tìyìntìyìn ló sì ń pè é.

Nínú òkìtì yẹn ni a ti bá gbogbo irú ìtàn pàdé láìmọ̀ pé irú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Kò sí pákó kankan tó sọ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyí, ìtàn ìfẹ́ nìyí, ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ nìyí. Ohun tí ọwọ́ rẹ bá bà tí owó rẹ sì tó ni wàá kà. Bí ó bá jẹ́ Yorùbá, o ó ka Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, o ó ka Gẹ̀ẹ́sì. Òṣì ló sọ wá di òǹkàwé gbogbo nǹkan, èmi kò sì gbọ́dọ̀ yìn ín nítorí ìyẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn ìwé Pacesetters ni owó wa sábà máa ń tó. Macmillan ló ń tẹ̀ wọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n tínrín, wọ́n ṣe é kì bọ àpò. Ọmọ Nàìjíríà ló kọ púpọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n àwọn ará Kẹ́ńyà bíi David Maillu wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọlọ́pàá, ajínigbé, ọmọge Èkó, sójà tó ń gbìmọ̀ ìdìtẹ̀, gbogbo wọn ló wà nínú ìwé wọ̀nyẹn, ibi tí a mọ̀ ni wọ́n sì ń rìn. Títí di ìgbà náà, mo ti rò pé ìbọn àti mọ́tò tó ń sáré léra wọn, ìlú òyìnbó nìkan ni wọ́n ti ń ṣẹlẹ̀ nínú ìwé. Èyí tó ń jẹ́ *Evbu My Love* ni mo kọ́kọ́ rí orúkọ obìnrin lára rẹ̀, Helen Ovbiagele. Mo yí ìwé náà padà mo tún orúkọ náà kà. Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé obìnrin náà ni olóòtú ojú ewé àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn Vanguard. Ó dà bíi pé ẹnì kan ṣí ilẹ̀kùn kan fún mi tí n kò mọ̀ pé ó wà.

Ní ti Chase, a kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Amẹ́ríkà là rò pé ó ń gbé, nítorí ibẹ̀ ni ìtàn rẹ̀ máa ń wáyé. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, René Raymond ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ó sì ti kú láti 1985. Òkú là ń dúró dè pé kó kọ ìwé tuntun. Bàbá mi kò fẹ́ràn àwọn obìnrin oníhòòhò tó máa ń wà lára ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Kí n tó kó ìwé wálé, màá fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo ẹ̀yìn rẹ̀, Daily Times tàbí Sketch, màá sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn gọ́ọ̀mù lára bébà ìwé ìròyìn, ìbọn ló ń dún létí mi.

Èyí tí n kò lè gbàgbé láé ni ti ìwé Kọ́lá Akínlàdé tó ń jẹ́ *Ta Ló Pa Ọmọ Ọba?* Ọmọ Ayétòrò ní ilẹ̀ Yewa ni Akínlàdé, ìpínlẹ̀ wa kan náà, ìwé náà sì ti wà láti 1971. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń gbé yàrá ló rà á lọ́wọ́ Bàbá Oníwèé. Ó kọ́kọ́ kà á, ó fún mi, mo fún ẹni tó ń sùn lókè bẹ́ẹ̀dì mi, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Kò sí ẹnì kankan tó sọ fún èkejì pé ojú ewé ìparí rẹ̀ ti ya lọ. Ẹni tó bá ka á dé ibẹ̀ á kàn dákẹ́, á máa wo ẹni tó kàn bó ṣe ń ṣí i. Nígbà tí gbogbo wa kà á tán, ìdájọ́ bẹ̀rẹ̀. Alẹ́ ni, NEPA ti mú iná, gààrí Ìjẹ̀bú wà nínú omi tútù, àtùpà wà láàárín. Olúkúlùkù ní ẹni tó fura sí, olúkúlùkù sì ń tọ́ka sí ojú ewé tó fi gbè é lẹ́sẹ̀. A mọ ìwé yẹn ju bí àwọn tó ní èyí tó pé pérépéré ṣe mọ̀ ọ́n lọ, nítorí pé a ní láti padà sínú rẹ̀ lọ wá ẹ̀rí. Ọ̀kan nínú wa gbé ẹjọ́ náà kalẹ̀ tó fi jẹ́ pé gbogbo wa gbà fún un. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó rí ìwé náà ní odindi. N kò ní sọ ẹni tó ṣe é níbí, torí ẹni tí kò bá tíì kà á.

Ìwé ìfẹ́ tó kárí họ́sítẹ̀lì wa ni *Ó Le Kú* tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tó jáde ní 1974. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ọmọbìnrin mẹ́ta tí ọkàn rẹ̀ pín sí, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé. A máa ń kà á sókè fún ara wa ni. Ẹnì kan á kà, àwọn yòókù á dùbúlẹ̀, bí ó bá sì dé ibi tí Àjàní ti ń parọ́, ariwo á sọ. Àwọn kan ń bá Àjàní wíjọ́, wọ́n ní ọmọdé ló ń ṣe é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ nígbà náà, n kò sì tíì gbà báyìí. Ohun tó mú un yàtọ̀ sí Mills & Boon ni pé ìyá wà nínú rẹ̀. Nínú ìtàn òyìnbó tí a ń kà, ọmọge máa ń nìkan pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni. Nínú ti Ìṣọ̀lá, ìyá ń bẹ níbẹ̀, ẹbí ń bẹ níbẹ̀, wọ́n ní ohun tí wọ́n fẹ́, wọ́n sì lágbára láti ba nǹkan jẹ́ tàbí kí wọ́n tún un ṣe. Gbogbo wa nínú yàrá yẹn la ní ìyá tó ń béèrè ẹni tó ń wá wa wá.

Ní 1997 tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù, mo ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Gbogbo obìnrin ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í rán ìró kúkúrú àti bùbá, wọ́n ń pe àrà náà ní olekú. Àwọn tí kò ka ìwé rí wọ ìwé sọ́rùn. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nínú *Ṣaworoidẹ* tí Ìṣọ̀lá kan náà kọ fún Kèlání, mo rí Adébáyọ̀ Fálétí tó ń ṣe Baba Ọ̀pálábà. Mo dìde dúró níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí mo ti ka ìwé rẹ̀ láìmọ ojú rẹ̀ ni ó ń sọ̀rọ̀ yìí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń mi orí!

Ìwé Fálétí ni *Ọmọ Olókùn Ẹṣin*, tó jáde ní 1969. Bàbá mi ló ní in. Oṣù kẹfà ọdún 1993 ni mo kà á, lẹ́yìn tí Babangida ti fagi lé ìdìbò tí gbogbo ayé mọ̀ pé Abíọ́lá, ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ló wọlé. Wọ́n ń sun táyà lójú títì, ọkọ̀ kò rìn, ilé ni gbogbo wa wà. Ìtàn àwọn ará Òkè-Ògùn tó wà lábẹ́ Ọ̀yọ́ ni, àti àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ní ìsìnrú náà tó gẹ́ẹ́. Èéfín táyà ń wọlé láti ojú fèrèsé, mo sì ń ka ohun tí Àjàyí àti Ìbíwùmí ń là kọjá nítorí pé wọ́n kọ̀. Ìtàn ìgbà àtijọ́ ni wọ́n ń pè é nínú kíláàsì. Lọ́sẹ̀ yẹn, ìròyìn ni. Bàbá mi gbà á lọ́wọ́ mi nígbà tí mo kà á tán, òun náà tún un kà látìbẹ̀rẹ̀, a sì ń sọ ọ́ fún odindi ọ̀sẹ̀. Ìgbà yẹn ni èmi pẹ̀lú bàbá mi kọ́kọ́ bára wa sọ̀rọ̀ bí àgbà méjì.

Òun náà ló sọ ti Fágúnwà fún mi. Ó ní ọdọ́mọkùnrin ni òun ní oṣù Kejìlá ọdún 1963 tí ìròyìn dé pé Fágúnwà ti bómi lọ nínú odò lọ́nà Bídà, pé àwọn tíṣà ilé ẹ̀kọ́ wọn jókòó sábẹ́ igi, tí wọn kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Mo rò ó títí. Òǹkọ̀wé wo ló kú nígbà tiwa tí ilé ẹ̀kọ́ fi dákẹ́?

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé gbogbo rẹ̀ dára. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ kí n tó dé Ìjagun, owó ìtanràn ni fún ẹni tó bá sọ Yorùbá lẹ́yìn àsìkò ẹ̀kọ́ Yorùbá. Àwọn ọkùnrin kíláàsì wa ń fi wá ṣẹ̀sín pé ìtàn ìfẹ́ là ń kà, bí ẹni pé Chase tí àwọn ń kà ń kọ́ wọn ní òfin Mósè. Bí mo bá sì ka gbogbo ìwé ìtàn Yorùbá tó kọjá lọ́wọ́ mi láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn, n kò rí ọ̀kan tí obìnrin kọ. Ọkùnrin ló ń sọ fún mi bí Àṣàkẹ́ ṣe ń ronú, ọkùnrin ló ń sọ fún mi bí Ìbíwùmí ṣe ní ìgboyà. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa. Síbẹ̀ ó yẹ kí ohùn kejì wà níbẹ̀. Inú Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti lọ gbọ́ ohùn náà, lọ́wọ́ Flora Nwapa àti Buchi Emecheta.

Àwọn òǹkọ̀wé náà kò sì jèrè wa. Ìwé kan lè gba ọwọ́ ogún ènìyàn, kí ẹni tó kọ ọ́ má rí ju owó ẹnì kìíní lọ. A kò mọ ibi tí wọ́n ń gbé. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó dá Lápàdé àti Tàfà Ìgìrìpá sílẹ̀ nínú *Àjà Ló Lẹrù* ní 1969, tó tún kọ *Àgbàlagbà Akàn* àti *Atótó Arére*, wà láàyè ní gbogbo ìgbà tí a ń jà sí ìwé rẹ̀. Ọdún 2019 ló tó kú. A lè wọ ọkọ̀ lọ kí i. Kò sí ẹni tó sọ fún wa pé òǹkọ̀wé ṣeé kí.

Ìdí nìyẹn tí ara mi fi yá gágá ní oṣù Kọkànlá ọdún 2013 tí Lọlá Ṣónẹ́yìn, òǹkọ̀wé tó kọ ìtàn àwọn ìyàwó Baba Ṣẹ̀gi, bẹ̀rẹ̀ àjọ̀dún ìwé Aké ní Abẹ́òkúta. Mo lọ. Àwọn òǹkọ̀wé ń jókòó lórí àga bí gbogbo ènìyàn, wọ́n ń mu omi nínú ike, àwọn ọmọdébìnrin sì ń bi wọ́n léèrè láìbẹ̀rù ìdí tí wọ́n fi jẹ́ kí ẹni báyìí kú nínú ìtàn. Ní ọdún 2018 ni wọ́n gbé àjọ̀dún náà lọ sí Èkó. Ó dùn mí, nítorí ọ̀dọ̀ wa ló ti bẹ̀rẹ̀, ọmọ Ìjagun kan sì lè lọ kó padà wálé lọ́jọ́ kan náà.

Irú ìtàn tó wà báyìí pọ̀ kọjá ti ìgbà wa. Tade Thompson, dókítà ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ Yorùbá, kọ *Rosewater*, ìtàn Nàìjíríà ọdún 2066 tí àjèjì láti òde ayé wá tẹ̀dó sí, ó sì gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2019. Leye Adenle, láti ìdílé ọba Òṣogbo, kọ ìtàn ọ̀daràn Èkó tí ń mú ni sá. Wọlé Ṣóyínká fúnra rẹ̀ padà sídìí ìtàn àròsọ ní 2021, lẹ́yìn ọdún méjìdínláàádọ́ta. Mo ń kà wọ́n, mo sì ń gbádùn wọn. Àwọn obìnrin tí n kò rí nínú òkìtì Bàbá Oníwèé ni wọ́n ṣíwájú báyìí. Bí wọ́n bá ní kí n yan ìgbà tí ọmọbìnrin tó ń kàwé yẹ kí ó gbé, ìgbà yìí ni mo máa yàn, láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó sọnù lórí fóònù ọmọ àbúrò mi ni òkìtì náà. Bí ó bá ti ka ìtàn ìfẹ́ kan tán, ìtàn ìfẹ́ mìíràn ni ẹ̀rọ náà máa gbé síwájú rẹ̀. Bó bá ka Gẹ̀ẹ́sì, Gẹ̀ẹ́sì náà ló máa fún un. Kò sí ìgbà kankan tí ọwọ́ rẹ̀ máa ṣèèṣì ba Akínlàdé nígbà tó ń wá Chase. Ó fẹ́ràn ìwé Tomi Adeyemi tó jáde ní 2018, nítorí pé òrìṣà àti idán ilẹ̀ wa wà nínú rẹ̀. Ó sọ fún mi pé, "Mọ́mì, kò tíì sí ẹni tó ṣe irú ẹ̀ rí." Mo bi í bóyá ó mọ *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*. Ó mọ orúkọ rẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́, gẹ́gẹ́ bí ìbéèrè ìdánwò. Kò mọ̀ pé ìtàn ni, tí ènìyàn lè tìtorí rẹ̀ sun oorun díẹ̀. Ọdún 1938 ni Fágúnwà ti fi ọdẹ wọ igbó tó kún fún iwin, ọgọ́rin ọdún ṣáájú Adeyemi.

A jókòó, a wá a lórí fóònù. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Ṣóyínká ṣe ní 1968 ló kọ́kọ́ yọjú. Ti Yorùbá, èyí tí Fágúnwà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, a kò rí ibi tí a ti lè sanwó rẹ̀ kó wọlé sínú fóònù náà lójú ẹsẹ̀. Mo fún un ní ti bàbá mi. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, ó ní àwọn ọ̀rọ̀ kan jinlẹ̀, ó ń pè mí lálẹ́ láti béèrè. Nígbà tó parí rẹ̀, ó béèrè *Igbó Olódùmarè*.

Mo mọ̀ pé àwọn kan ń gbìyànjú. Àwọn ọ̀dọ́ tó dá Àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ ń gbé iṣẹ́ Yorùbá tuntun sórí íntánẹ́ẹ̀tì. OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, ti fi hàn pé ọmọ Nàìjíríà máa sanwó fún ìwé lórí fóònù bí owó rẹ̀ kò bá wọ́n, ṣùgbọ́n ó kógbá wọlé ní ọgbọ̀njọ́ oṣù Kọkànlá ọdún 2023. Àwọn PDF tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp ló gba ipò tó ṣófo, òǹkọ̀wé kò sì rí kọ́bọ̀ lórí wọn, gẹ́gẹ́ bí Òkédìjí kò ṣe rí kọ́bọ̀ lórí ìwé tí a ń fi ṣe pàṣípààrọ̀ ní Ìbàdàn Gáréèjì.

Ìwé ìtàn Yorùbá kò kú nítorí pé àwọn ọmọ kò fẹ́ ẹ. Wọn kò bá a pàdé ni. Ẹ̀yin ilé iṣẹ́ atẹ̀wé tí àṣẹ ìwé Akínlàdé, Fálétí, Ìṣọ̀lá àti Òkédìjí wà lọ́wọ́ yín, àti ẹ̀yin ọmọ wọn, ẹ gbé àwọn ìwé náà síbi tí owó akẹ́kọ̀ọ́ tó, lórí fóònù, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ìjagun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa kọ́ ọmọ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ìwé kan tí kò sí nínú ìdánwò. Ìwọ tí o sì ń ka èyí, bí ìwé Yorùbá kan bá wà nínú àpótí ilé yín tí ẹnikẹ́ni kò ṣí mọ́, mú un jáde lọ́sẹ̀ yìí, kí o fún ọmọ kan tó ń ka ìwé lórí fóònù. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá ojú ewé ìparí rẹ̀ pé.